Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ìtàn Fọ́tò Tí A Fọ̀ Nílé

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìbàdàn. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ kéékèèké mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò sí iwájú ilé kan tí wọ́n fi páànù bò. Ọmọ tó wà níwájú gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí rẹ̀ kọjá, ó ń wá bí ìka rẹ̀ yóò ṣe kan etí òsì. Ọmọ tó tẹ̀ lé e, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ni Màmá wa. Etí funfun yí fọ́tò náà ká, ṣùgbọ́n ti ọwọ́ òsì fẹ̀ ju mẹ́ta tó kù lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá wọn ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Oṣù Kìn-ín-ní, 1955."

Bí àlejò bá wọlé, Màmá á nawọ́ sí i, wọ́n á ní, "Ọjọ́ tí mo wọ ilé-ìwé nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀." Bí àlejò náà bá béèrè ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, Màmá á rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ ilé-ìwé ní tiwọn. Ọjà ni wọ́n yàn." Bí Màmá Àgbà bá wà níjòókòó, àwọn náà á mi orí. Ìtàn tí a bá nílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè.

Ní ọdún tó kọjá ni mo rí i pé ìtàn náà kò pé. Fọ́tò ara ògiri kọ́ ló sọ fún mi. Fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ jáde ló sọ ọ́. Kí ẹ lè mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, mo ní láti kọ́kọ́ sọ bí fọ́tò ṣe dé ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe onífọ́tò, àti bí ènìyàn ṣe lè fọ̀ ọ́ nínú yàrá tó ń sùn sí.

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé ènìyàn lè fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán. Louis Daguerre, ará Faransé, ya tirẹ̀ sára awo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Àwòrán ọ̀hún mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bí ó bá sọnù, ó parí. Ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Henry Fox Talbot gba ọ̀nà mìíràn. Àwòrán tirẹ̀ kọ́kọ́ máa ń jáde ní òdìkejì: ohun funfun á di dúdú, ohun dúdú á di funfun. Òun ni à ń pè ní nẹ́gátíìfù. Láti ara nẹ́gátíìfù kan ni ó ti lè tẹ àwòrán púpọ̀ jáde sórí pépà. Ní 1841 ni Talbot gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà yìí. Láti ìgbà náà ni fọ́tò ti ní ìyá àti ọmọ: nẹ́gátíìfù ni ìyá, pépà ni ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Fún bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọlọ́wọ́ àti oníṣẹ́-ọwọ́ ni fọ́tò yíyà. George Eastman ará Amẹ́ríkà ló já a gbà fún mẹ̀kúnnù. Kámẹ́rà Kodak tó gbé jáde ní 1888 ní fíìmù nínú tó lè gba ọgọ́rùn-ún àwòrán. Bí ó bá tán, ẹni tó ni ín á fi kámẹ́rà náà lódindi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Eastman ní ìlú Rochester, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi fíìmù tuntun sí i, wọ́n á dá a padà. Dọ́là 25 ni wọ́n ń tà á, owó ńlá sì nìyẹn nígbà náà. Ní ọdún 1900 ni Brownie jáde, àpótí kékeré tí wọ́n fi páálí ṣe, dọ́là kan péré. Wọ́n ní ọmọdé pàápàá lè lò ó.

Bí kámẹ́rà ṣe rọ̀ lówó ni pépà náà ṣe rọ̀ lọ́wọ́. Onímọ̀ kẹ́míkà kan tí wọ́n bí ní Bẹ́ljíọ̀mù, Leo Baekeland, ṣe pépà kan tó pè ní Velox. Eastman rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1899. Pépà yìí kì í tètè gba ìmọ́lẹ̀. Èyí mú kí ènìyàn lè dì í mú nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láìbà á jẹ́, kí ó sì gbé e sún mọ́ iná àtùpà nígbà tó bá fẹ́ tẹ àwòrán sí i. Kò sí pé ó ń dúró de oòrùn mọ́, kò sí pé ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ńlá. Ibi tí fọ́tò fífọ̀ nílé ti rọrùn nìyẹn.

Ní ìhà tiwa níbí, àwọn ènìyàn wa kò jókòó kí òyìnbó nìkan máa yà wọ́n. Augustus Washington, aláwọ̀ dúdú tó ti Amẹ́ríkà wá, ti ń ya fọ́tò ní Monrovia láti nǹkan bí 1853. Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny tí wọ́n bí ní 1873, ya àwọn ọba àti ìlú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1905. Ní Èkó, kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, Neils Walwin Holm ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún ogún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní onífọ́tò.

Ṣùgbọ́n ilé onífọ́tò ní òfin tirẹ̀. Ènìyàn á wọ aṣọ tó dára jù, á jókòó lórí àga, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á wo iwájú gan-an, kò ní rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n ya ọgbà òdòdó sí. Bóyá rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó lọ wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ nípa ìjókòó yìí nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó rí i pé ọ̀nà tí a gbà ń fi iyì àgbà hàn ni. Fọ́tò ilé onífọ́tò ń sọ bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n rántí wa. Kì í sọ ẹni tó din àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn tí kì í fi fọ́tò jẹun ló ya àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ báyìí ni J. D. 'Okhai Ojeikere. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní Ovbiomu-Emai, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní. Ní 1950 ó ra kámẹ́rà Brownie D, ọ̀rẹ́ kan sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó ń kọ lẹ́tà lemọ́lemọ́ sí ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba pé kí wọ́n gba òun sí yàrá òkùnkùn wọn. Ní 1954 ni wọ́n gbà á ní Ìbàdàn. Ní 1961 ó di onífọ́tò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun orí àwọn obìnrin: lójú pópó, níbi iṣẹ́, lóde ìnáwó, lọ́pọ̀ ìgbà láti ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn ni irun tí wọ́n ń pè ní Onílé Gogoro. Àwòrán irun tó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó kú ní 2014. Irun tó ń tú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni, ṣùgbọ́n lónìí, àwọn àwòrán yẹn ni ẹ̀rí tí a ní pé àwọn ìyá wa gbẹ́ ère sórí ara wọn.

Ní ìlú Ìbàdàn kan náà, láàárín ọdún kan náà, Bàbá Àgbà, bàbá tó bí Màmá, náà ní kámẹ́rà Brownie tiwọn. Ẹnì kankan kò kọ nípa wọn. Akọ̀wé ni wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, alẹ́ ni wọ́n sì máa ń fọ fọ́tò. Fíìmù tí kámẹ́rà náà ń lò kì í gbà ju àwòrán mẹ́jọ lọ, nítorí náà wọn kì í yà ní ìyàkuyà. Àpótí bísíkíìtì onípáànù kan ni wọ́n ń kó fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpòòwé. Mo ka nẹ́gátíìfù 212 nínú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ lábẹ́ igi. Àwọn ọmọkùnrin tó ń yí wíìlì kẹ̀kẹ́. Àwọn bàbá nídìí ọpọ́n ayò. Ìyàwó wọn tó ń yọ ẹ̀kọ nínú ìkòkò, tí èéfín bo ojú rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tí ènìyàn jókòó tí ó tẹ́ ọwọ́ lé orúnkún.

Màmá ni wọ́n ń di àtùpà mú fún wọn, nítorí náà wọ́n rántí gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á fi aṣọ di àlàfo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á gbé abọ́ tánganran mẹ́ta sílẹ̀. Èkíní ni omi tó ń mú àwòrán jáde. Èkejì ni omi lásán. Ẹ̀kẹta ni omi tó ń mú un dúró kí ìmọ́lẹ̀ má baà bà á jẹ́ mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní háípò. Omi náà kò gbọdọ̀ gbóná, torí bí ó bá gbóná jù, ara fíìmù á rọ̀, á sì máa bó. Àwọn tó ṣe fíìmù náà ní ìlú òtútù ronú omi tí kò ju ìwọ̀n ogún lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ḷṣíọ́ọ̀sì. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn? Inú àmù ni Bàbá Àgbà ti ń bù ú, lóru, nígbà tí amọ̀ bá ti fa ooru kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ìyá wọn fi ń tọ́jú omi mímu ni wọ́n fi yanjú ìṣòro tí ilé iṣẹ́ òkè òkun kò ronú kàn.

Fíìmù ni wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀, pẹ̀lú àtùpà tí wọ́n fi gíláàsì pupa bò. Wọ́n á di orí rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n á máa fà á lọ fà á bọ̀ nínú abọ́ bí ẹni ń ti jangirọ́fà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, tí ó bá ti gbẹ, wọ́n á fi fíìmù lé pépà fọ́tò lójú kan náà, wọ́n á fi gíláàsì tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Màmá á gbé àtùpà tó mọ́lẹ̀ súnmọ́ ọn, wọ́n á jọ kà á dé ọgọ́ta. Lẹ́yìn náà, pépà á bọ́ sínú omi, ojú ènìyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú funfun. Màmá ní bí wọ́n ṣe rí i tó, kò sú wọn rí. Fọ́tò tútù ni wọ́n á wá lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé kí ó lè máa dán. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí ó gbẹ, á ta pá, á já bọ́ sílẹ̀. Ìró yẹn ló ń jí àwọn ọmọ ilé.

Ohun kan tún wà. Pépà fọ́tò máa ń wá nínú pépà dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá. Bàbá Àgbà kì í sọ pépà dúdú náà nù. Wọ́n ń gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ohun tí wọn kò fẹ́ bá wà ní etí àwòrán, wọ́n á fi bò ó kí Màmá tó gbé àtùpà wá. Ibi tí pépà dúdú bá bò kò ní rí ìmọ́lẹ̀. Funfun ni yóò máa wà.

Òjò ọdún tó kọjá ló tú àṣírí. Òrùlé ilé Màmá jò, omi sì dé orí pẹpẹ tí àpótí bísíkíìtì náà wà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó ń rùn bíi ọtí kíkan. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a kó o dà sí ààtàn, pé fọ́tò tó dára ti wà lára ògiri. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní àkísà náà. Olùkọ́ ìtàn wa ti ní kí olúkúlùkù wa mú ohun kan tó ti pẹ́ láti ilé wá, kí a sì kọ ohun tó lè sọ.

Mo tan ojú fóònù kan kí ó funfun báláú, mo tẹ́ fíìmù sórí rẹ̀, mo fi fóònù mìíràn yà á, mo sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà kí dúdú lè di funfun. Bí mo ṣe ń ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí mo fi dé àwọn ọmọ tó tò síwájú ilé páànù. Mo kà wọ́n. Mọ́kànlá kọ́. Méjìlá ni.

Ẹnì kejìlá kò sí lórí ìlà. Ó dá dúró ní apá òsì, ní ìta ọgbà, ọmọbìnrin tó ga ju àwọn tó kù lọ, tí àwo ẹ̀kọ wà lórí rẹ̀. Kò wo kámẹ́rà. Àwọn ọmọ tó tò ni ó ń wò. Mo sáré lọ sí pálọ̀, mo fi ọwọ́ wọn etí funfun tó fẹ̀ lára fọ́tò ògiri. Ibi tó dúró sí gan-an ni.

Mo fi han Màmá. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọn kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mú un lọ bá wọn. Má jẹ́ kí ó di ọ̀la."

Màmá Àgbà ń gbé ní Ìdí-Arẹrẹ. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. "Ta ló yà mí?"

"Bàbá Àgbà ni, mà."

"Mi ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀." Wọ́n tún wò ó. "Àwo ìyá mi nìyí. Ó ní ibi tó ti ré létí."

Mo béèrè, pẹ̀lú ìbẹ̀rù díẹ̀, bóyá lóòótọ́ ni wọn kò fẹ́ ilé-ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn. "Ẹni tí wọn ò pè, báwo ló ṣe máa jẹ́?"

Wọ́n wá sọ ọ́. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé. Kí ó tó dé, owó ilé-ìwé kò ká ọmọbìnrin. Nígbà tó dé, wọ́n ní wọ́n ti dàgbà jù láti bá àwọn ọmọ kékeré jókòó. Ìyá wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. "Ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ lóòótọ́," wọ́n ní, "ẹ̀kọ ò di ọ̀fẹ́. Ta ni yóò gbé e?" Àwọn ló gbé e. Wọ́n ń tà á lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé náà nígbà ìsinmi. Nígbà tí Màmá wọ ilé-ìwé gíga, tí kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ọjà Màmá Àgbà wà nínú owó tí wọ́n san.

Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ń mi orí nígbà gbogbo tí Màmá bá ní ọjà ni wọ́n yàn. "Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Bí ènìyàn bá bi mí, kí n ní mi ò fẹ́ sàn ju kí n ní wọn ò fẹ́ fún mi."

Ìwé ìtàn sọ òtítọ́ nípa ọdún yẹn. Ní 17 Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. S. O. Awókọ́yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé díẹ̀ ní 450,000. Ní 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ìbí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ kan etí láti mọ ẹni tó ti tó ọdún mẹ́fà. Iṣẹ́ ńlá ni, ìdílé wa sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó tò lórí ìlà ni iye yẹn kà. Àwọn tó dúró ní ìta ọgbà pẹ̀lú àwo lórí kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kí ló dé tí Bàbá Àgbà fi bò wọ́n? Mo ti rò ó títí. Mo wo àwọn fọ́tò mìíràn tí wọ́n fi pépà dúdú ṣe. Nínú ọ̀kan, ààtàn ni wọ́n bò. Nínú òmíràn, ìdajì kẹ̀kẹ́ ẹni kan tó ń kọjá ni. Bóyá kí fọ́tò lè gún régé ni. Bóyá ojú tì wọ́n ni, kí àlejò má baà béèrè ìdí tí àbúrò fi wọlé tí ẹ̀gbọ́n wà níta. Ẹ̀rí kan wà tí n kò lè fò dá. Lára àpòòwé fíìmù náà, orúkọ méjì ni wọ́n fi pẹ́ńsù kọ: ti Màmá, àti ti Màmá Àgbà. Wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n bò ó lórí pépà, ṣùgbọ́n wọn kò gé e kúrò lára fíìmù.

Sprague, tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tún sọ nǹkan kan nípa àwọn onífọ́tò Ìlá. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìyà wọ́n papọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan kí ìbejì lè pé. Irọ́ kọ́ ni ìdílé náà ń pa. Ohun tí ọkàn wọn fẹ́ ni wọ́n tẹ̀ jáde. Nínú yàrá òkùnkùn, ènìyàn lè fi ẹnì kan kún un, ó sì lè yọ ẹnì kan kúrò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń kọ ìtàn kò fi gbọdọ̀ dúró lórí pépà tí wọ́n tẹ́ fún un. Kí ó béèrè nẹ́gátíìfù. Kí ó béèrè etí tó fẹ̀ ju èkejì lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà láàyè, nítorí fíìmù fi ọmọbìnrin náà hàn mí, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tó fi wà níta.

Lónìí, gbogbo wa ni onífọ́tò. Ní ilé iṣẹ́ Kodak fúnra rẹ̀ ni Steve Sasson ti ṣe kámẹ́rà dígítà àkọ́kọ́ ní 1975, Kodak yẹn kan náà sì lọ sí kóòtù ní 2012 pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Èmi nìkan ti ya fọ́tò tó ju ti Bàbá Àgbà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, fóònù mi bọ́ sínú garawa omi, gbogbo wọn sì lọ. Àpótí bísíkíìtì Bàbá Àgbà rí òjò, ó rí ooru, ó lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó ṣì lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí irú àpótí bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má dà á nù. Ẹ yọ fíìmù kúrò nínú nylon, ẹ fi pépà wé e, ẹ gbé e sí ibi tó tutù tí kò ní omi. Ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ìka má kan ojú rẹ̀. Bí ó bá ti ń rùn bíi ọtí kíkan, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ nìyẹn, ẹ tètè yà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ tẹ díẹ̀ nínú fọ́tò yín sórí pépà, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, títí kan ẹni tó wà ní ìkángun.

A tẹ àwòrán náà jáde lódindi lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé-ìwé wa, ọmọ méjìlá pé. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Màmá gbé e lọ sí Ìdí-Arẹrẹ fúnra wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn títí ó fi di ìrọ̀lẹ́, n kò sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n sọ. Fọ́tò méjèèjì ló wà lára ògiri pálọ̀ báyìí, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Bí àlejò bá wọlé, Màmá ṣì máa ń nawọ́ sí àkọ́kọ́: "Ọjọ́ tí mo wọ ilé-ìwé nìyẹn." Lẹ́yìn náà wọ́n á nawọ́ sí èkejì. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Àwọn ló ń gbé ẹ̀kọ kí n lè wọ̀ ọ́."